Ọ̀nà ti dé Ìsẹ́yìn, ìgbà wo ni yóò dé ẹnubodè?

ỌmọṢakí_Agége

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti Ṣakí dé, ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé mi lọ. Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ẹ rántí ohun tójú wa rí. Kìlómítà 65 péré, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ojú ọ̀nà lẹ ó sùn. Mo rántí ọjọ́ kan ní 2017, tírélà kan rì sínú ẹrẹ̀ níwájú wa, a wà níbẹ̀ láti aago méjì ọ̀sán títí di mọ́kànlá alẹ́. Ìyá kan tó ń kó adìyẹ lọ sọ́jà tà á tán fún àwọn èrò ọkọ̀, wọ́n dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń sun ún jẹ. Ìjọba Gómìnà Ajímọ̀bí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà síta, kò rí i parí. Mákindé dé ní 2019, ó gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn, iṣẹ́ sì parí. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo ṣe ní kí n tòògbé díẹ̀ báyìí ni dẹ́rẹ́bà ń pariwo "Ìsẹ́yìn, ẹni tó ń bọ́ọ́lẹ̀!"

Apá tó dùn nìyẹn. Mo sùn ọjọ́ méjì ní Ṣakí, mo ní kí n lọ kí àbúrò bàbá mi obìnrin ní abúlé kan lápá ẹnubodè Benin. Ẹ má bínú, n ò ní dárúkọ abúlé ọ̀hún. Ọlọ́kadà sọ fún mi pé kò sí mọ́tò tí yóò dé ibẹ̀ lásìkò òjò yìí. Wákàtí méjì ààbọ̀ la lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ̀ kalẹ̀ kó lè ti ọ̀kadà kọjá, ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn odò ni, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo gbé bàtà lérí. Nígbà tá a débẹ̀, mo bi àǹtí mi pé èló ni kóńgò èlùbọ́. Séfà, owó ilẹ̀ Benin, ló fi dá mi lóhùn! Ó ní àwọn oníbàárà òun láti òdìkejì ni wọ́n ń wá déédéé, àwọn ará Ìbàdàn kì í dé ọ̀dọ̀ òun. Fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Nàìjíríà ni kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìbéèrè mi rèé. Gómìnà ń ṣe títì, ó gbé ẹ̀ka fásitì LAUTECH wá sí Ìsẹ́yìn, gbogbo wa rí i. Ṣé ó lè tún ayé àwọn tó wà ní bèbè ìlú ṣe, àbí agbára gómìnà ò dé ọ̀hún ni?

Ìyá_Kẹ́mi_Bódìjà

ỌmọṢakí, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ń ta iṣu àti èlùbọ́ ní Bódìjà, ọdún kọkàndínlógún rèé. Kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ìṣèlú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀nà yẹn ṣe lọ́jà. Tẹ́lẹ̀, tá a bá kó iṣu ní Ìsẹ́yìn tàbí Òtù, ká tó já a sílẹ̀ ní Bódìjà, a ó ti ní òkìtì méjì: èyí tó pé, àti èyí tó ti kán tàbí tó bó lára. Èyí tó kán yẹn, àwọn alásè ló ń rà á, iye tí wọ́n bá sọ la ó gbà. Owó ọkọ̀ á ti jẹ orí, á jẹ ìdí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé àwa la máa ń dá iye lé àgbẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Tí bàbá bá wú iṣu sílẹ̀, tó sì mọ̀ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló máa dé lọ́sẹ̀ yẹn, a ó ní "bàbá, ẹ tà á kí oòrùn tó pa á," yóò sì tà á. Ní báyìí, àgbẹ̀ á fi mí sórí fóònù, á pe ẹni méjì mìíràn, á wá ní "Ìyá Kẹ́mi, iye tí ẹni tó kẹ́yìn sọ rèé o, ṣé ẹ ó fi kún un?" Èrè orí iṣu kan ti dín kù lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń rìn lóṣù níbi tí mo ti ń rin ẹ̀ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. Nítorí náà n ò ráhùn.

Ti àǹtí yín yẹn, wọ́n sọ òótọ́. A kì í dé ọ̀hún. Dẹ́rẹ́bà tó ń gbé mi, ó ti búra.

Òótọ́_Korò

Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìyìn o. Títì, títì, títì. Ṣé títì là ń jẹ?

Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 10 nínú rẹ̀ wà ní Òkè-Ògùn. Láti ayé Bọ́lá Ìgẹ̀ títí di òní, ẹ dárúkọ gómìnà kan tí ìdìbò gbé wọlé tó jẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn. Ẹ ò lè rí i. Igbákejì ni wọ́n fi ń tàn wá bí ẹni fi àkàrà tan ọmọdé. Raúfù Ọláníyan láti Ìgbòho, wọ́n yọ ọ́ nípò ní oṣù keje 2022. Wọ́n fi Báyọ̀ Láwàl láti Kíṣì dípò rẹ̀, wọ́n ní "ṣebí ọmọ yín náà ni." Ẹni tó ní oko ló mọ ibi tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé. Bí ọmọ Ìbàdàn bá ń ṣe gómìnà, Ìsẹ́yìn ni ojú rẹ̀ máa dé, torí Ìsẹ́yìn ló súnmọ́ Ìbàdàn.

Alépatà_Kékeré

@Òótọ́_Korò, ọmọ Ìgbòho lèmi, mo sì gbà pẹ̀lú yín lórí igbákejì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìlú tí Aláàfin mẹ́rin sùn sí ni Ìgbòho, ẹ má fi wá ṣe àkàrà.

Òótọ́_Korò

Ẹ má bínú, ọmọ Aláàfin. Mo yí i padà sí mọ́ínmọ́ín.

Ẹnjiníà_Ọlọ́dà

Mo ti ṣiṣẹ́ lórí títì ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí a ti ń pò ó pọ̀.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Èyí tó já ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, tàbí tó já wọ ẹnubodè tí wọ́n fọwọ́ sí, ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Èyí tó já ìlú ńlá sí ìlú ńlá nínú ìpínlẹ̀ jẹ́ ti gómìnà. Èyí tó wọ abúlé, káńsù ló ni ín. Nígbà tí ỌmọṢakí kúrò ní Mọ́níyà, orí iṣẹ́ gómìnà ló wà. Nígbà tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, orí iṣẹ́ káńsù ló wà.

Ẹ óò wá ní "ẹ̀yin káńsù ni kẹ́ ẹ mú." Ẹ dúró ná. Owó káńsù, inú àpò kan náà pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀ ló máa ń wọ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló sì wà lẹ́nu àpò. Ìyẹn ló gbé ọ̀rọ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọ́n dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà. Kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan lọ̀rọ̀ ọ̀hún kàn, gbogbo ìpínlẹ̀ ni. Nítorí náà, gómìnà tó bá ní "abúlé kì í ṣe tèmi," ẹ bi í pé ta ló wá di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú.

Ohun kejì: odò tí ẹ ń wọ́ kọjá yẹn, kò gba ọ̀dà rárá. Kọ́fáàtì, ìyẹn ihò tí omi ń gbà lábẹ́ ọ̀nà, méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n gbé ilẹ̀ sókè, kí wọ́n lu gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n da yangí lé e. Mọ́tò á máa lọ ṣẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Ṣùgbọ́n kò sí olóṣèlú tó ń pe ayàwòrán wá síbi kọ́fáàtì.

Dáwódù_Ìpókìá

Hẹn-ẹ̀n! Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí. Ìpókìá nílẹ̀ mi, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ ò dá nìkan wà. Látìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, apá Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, Yewa àti Àwórì, kò tíì mú gómìnà kan wá. Àwa náà wà ní bèbè, àwa náà ń dìbò. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ìpínlẹ̀ tiwa méjèèjì, Ọ̀yọ́ àti Ògùn, tó bá ilẹ̀ Benin pààlà, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé gómìnà kọ́ ló fìyà jẹ wá jù. Oṣù kẹjọ 2019, Àbújá ti ẹnubodè. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àṣẹ tún dé pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Wọ́n ní nítorí fàyàwọ́. Ó dáa. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ilé epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ páńpù rẹ̀. Bàbá tó ń lọ ata nítòsí wa ra kéègì epo kan níbi tó jìnnà kó lè fi tan ẹ̀rọ, àwọn aláṣọ ìjọba kan dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní fàyàwọ́ ni. Kéègì kan! Ṣé kéègì kan ló fẹ́ lọ tà ní Kùtọ̀nú? Wọ́n gbà á, wọ́n tún gba owó lé e.

Ìgbà tí wọ́n máa ṣí ẹnubodè, Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, oṣù kejìlá 2020. Ìdí-Ìrókò dúró di oṣù kẹrin 2022. Ẹ ka oṣù rẹ̀ wò. Ilé ìtajà tó wà ní Ìdí-Ìrókò nígbà yẹn, tí àwọn ọmọ fi ń lọ síléèwé, gómìnà wo ló fẹ́ ṣí i? Kò ní àṣẹ.

ỌmọṢakí_Agége

@Dáwódù_Ìpókìá, ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí mi sọ irú rẹ̀. Ó ní ọdún tí wọ́n ti bọ́dà yẹn ni òun kọ́kọ́ mọ̀ pé "bọ́dà" wà. Tẹ́lẹ̀, òun mọ̀ pé ọjà kan wà níhìn-ín, ọjà kan wà lọ́hùn-ún.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ìjókòó o. Láti Kétu ni mo ti ń kọ̀wé, ilẹ̀ Benin. N ò ní dá sí ọ̀rọ̀ gómìnà yín, ṣùgbọ́n gbólóhùn àǹtí yẹn wọ̀ mí lára.

Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jókòó sí Yúróòpù ní 1889, wọ́n fa ìlà, wọ́n tún un fà ní 1898. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, Ìlárá wà lọ́dọ̀ yín, Ìlárá-Kanga wà lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi lọ́mọ síhà méjèèjì. Tí òkú bá kú lọ́hùn-ún, a ó lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi wá ní pásípọ́ọ̀tù tí òkú bá wà nílẹ̀, àfi tí ẹni tó dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà bá jẹ́ àlejò.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé, tí Nàìjíríà bá wúkọ́, àwa là ń ya ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin pe epo yín ní ohun tí ìjọba ń sanwó lé lórí. Àwa ń pè é ní kpayo, inú ìgò ni wọ́n ti ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà jákèjádò ilẹ̀ Benin. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ yín ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni owó kpayo fò sókè. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé kéègì mẹ́jọ sórí ọ̀kadà kan, tí ọ̀kadà rí bí àgbò tó wọ agbádá, ọ̀pọ̀ wọn ti padà sóko. Lẹ́yìn náà náírà já wálẹ̀, séfà wá dàgbà sí i. Ìyẹn ló fà á tí àǹtí fi ń ka owó ní séfà. Kì í ṣe àfojúdi o, ó ń dáàbò bo owó rẹ̀ ni.

Ìyá_Kẹ́mi_Bódìjà

Ọmọ Kétu, ẹnu ẹ dùn. Ṣé iyán ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ àbí ọ̀kà?

Ọmọ_Kétu

Méjèèjì, mà. Ọ̀kà làlejò ń bá jù.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀bá_Odò

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àná láìfèsì. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Mo sìn ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá ẹnubodè fún ọdún mẹ́rin, n ò ní sọ ibi tó wà torí mo ṣì mọ àwọn ènìyàn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ iṣu àti epo. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé aboyún kan wá, ọlọ́kadà níwájú, òun láàárín, ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ń dì í mú. Ọmọ ti ń fi ìdí bọ̀. Kò sí dókítà. Iná wa jẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Ilé ìwòsàn ńlá tó yẹ ká gbé e lọ nínú ìpínlẹ̀ wa jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ sì ni ọ̀nà tí ỌmọṢakí ká ṣòkòtò yẹn, ìyẹn irú rẹ̀. Ti òdìkejì kò tó ìdajì ìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò bi mí léèrè pé orílẹ̀-èdè wo ni. Ó kàn ní, "Nọ́ọ̀sì, níbo ni iná wà?" A gbé e kọjá. Ìyá yè, ọmọ yè, ọmọ náà sì ní ìwé ìbí tí wọ́n fi Faransé kọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Àbíọ́nà.

Ìdí tí mo fi sọ èyí: ẹ̀ẹ̀kan ni ìjọba wá kun ilé ìwòsàn wa ní ọ̀dà nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ó mọ́ lóòótọ́, ó funfun. Ohun tá a bẹ̀bẹ̀ fún ni iná tó ń lo oòrùn, fíríìjì tá a lè fi tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ilé méjì fún nọ́ọ̀sì, kí ẹni tí wọ́n bá gbé wá má baà sá padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kẹta. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ẹnjiníà_Ọlọ́dà

Ilé òṣìṣẹ́! Ẹ ti wí i. Tíṣà náà bẹ́ẹ̀. Tíṣà tí kò ní ibi tó máa sùn, ọjọ́ Tuesday ló ń dé, ọjọ́ Thursday ló ń lọ.

Ará_Ìbàràpá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ààbò. Ìgàngàn ń kọ́? Òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2021, wọ́n wọ ìlú náà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n jó ààfin Aṣígàngàn àti ilé epo. Mo wà nítòsí ibẹ̀, mo rí èéfín láàárọ̀. Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ṣiṣẹ́, n ò bú wọn, àwọn ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n gómìnà fúnra rẹ̀ kò láṣẹ lórí ọlọ́pàá. Ó lè ra mọ́tò fún wọn, kò lè ní "ẹ yí mọ́tò síbí."

Ìlà tí Ọmọ Kétu ní wọ́n fà yẹn, kò sí ọgbà lórí rẹ̀. Igbó ni, ipa màlúù ni, ipa ọlọ́kadà ni. Ẹni tó fẹ́ kó èlùbọ́ gba ibẹ̀, ẹni tó fẹ́ kó ìbọn náà gba ibẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà dé bèbè, èmi náà fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Òótọ́_Korò

Ó wá dà bíi pé gbogbo nǹkan ni gómìnà kò láṣẹ lé lórí. Bọ́dà, rárá. Ọlọ́pàá, rárá. Epo, rárá. Kí ló wá láṣẹ lé? Kó gé tẹ́ẹ̀pù?

Ìyá_Kẹ́mi_Bódìjà

Ó láṣẹ lé ọ̀nà tí mò ń gbà, ìwọ ọmọ yìí. Jókòó jẹ́.

Òótọ́_Korò

Mà, ẹ̀yin ń jèrè, ẹ ò ní rí àléébù. Àgbẹ̀ tó wà ní Ìsẹ́yìn gbowó, ó dáa. Ilẹ̀ Ìsẹ́yìn ń kọ́? Mo gbọ́ pé àwọn olówó ti ń ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tuntun láti Mọ́níyà lọ. Tó bá tó ọdún mẹ́wàá, àgbẹ̀ yẹn á máa ro oko ẹlòmíràn.

Ọmọ_LAUTECH_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ti LAUTECH ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Òótọ́ Korò ò parọ́ lórí ilẹ̀. Yàrá tí mò ń gbé, ẹni tó ṣáájú mi níbẹ̀ sọ iye tó san fún mi, mo rẹ́rìn-ín, torí ìlọ́po méjì rẹ̀ ni mo san. Lánlọ́ọ̀dù ní "fásitì ti dé."

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá tó ń ta ọ̀kà lẹ́nu ọ̀nà wa, aláṣọ òkè ni tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé aṣọ òkè ni Ìsẹ́yìn. Ó ní láyé àtijọ́ àsìkò ìyàwó nìkan ni owó máa ń wọlé fóun. Ní báyìí, ọkọ rẹ̀ ló jókòó ti òfì, òun ń se ọ̀kà fún wa, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa méjì sì ti ń kọ́ híhun lọ́wọ́ bàbá náà nírọ̀lẹ́. Àwọn kan máa ń wá ra aṣọ láti Ọ̀yọ́ báyìí, wọ́n ń dé, wọ́n ń padà lọ́jọ́ kan náà, torí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn náà ti dára.

Àmọ́ ṣá o, àwọn tó ń ti Ṣakí àti Ìgbẹ́tì wá kàwé níbí, ọ̀nà tiwọn ṣì le. Ẹni tá a jọ ń gbé kò lọ sílé fún ọdún tó kọjá, ó ní eegun ẹ̀yìn òun kì í ṣe ti ìjọba.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ èébú sí àwọn Fúlàní lẹ́yìn ìfèsì Ará_Ìbàràpá, mo ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ sọ̀rọ̀ ààbò, ẹ má bú ẹ̀yà kan. Ẹ máa bá a lọ.

Dáwódù_Ìpókìá

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Ẹnì kan mọ̀ pé àjọ kan wà ní Àbújá fún ọ̀rọ̀ yìí? Òfin 2003 ló dá a sílẹ̀, àjọ ìdàgbàsókè àwọn ìlú ẹnubodè. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyí: omi, iléèwé, ilé ìwòsàn, ọ̀nà fún àwa tá a wà ní bèbè. Ó ju ogún ọdún lọ. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi tó ti jẹ́ káńsílọ̀ rí bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣé orúkọ ilé ìfowópamọ́ tuntun ni.

Ẹnjiníà_Ọlọ́dà

Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ìpínlẹ̀ Nàìjíríà tó ní ẹnubodè lé ní ogún, láti Ṣókótó dé Krọ́sì Rífà. Àpótí kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn máa fa owó jáde nínú rẹ̀, àwọn tó wà ní òkè lọ́hùn-ún sì ní ogun lọ́rùn. Ẹni tó bá ń retí pé kọ́fáàtì abúlé rẹ̀ á ti Àbújá wá, yóò pẹ́ kó tó kọjá odò. Èmi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi: gómìnà ló ní ẹ̀rọ, òun ló ní ẹnjiníà, òun ló sì di àpótí káńsù mú. Ọ̀nà tó na 65 ti ṣeé ṣe. Ogún tàbí ọgbọ̀n kìlómítà tó kù kò le tó ìyẹn níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbò tó wà níbẹ̀ kéré. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa pè é lórúkọ rẹ̀.

ỌmọṢakí_Agége

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, Ẹnjiníà àti Nọ́ọ̀sì. Ẹ ti jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ bi ní tòótọ́. Mo wá síbí pẹ̀lú "ṣé gómìnà ń gbìyànjú?" Ó ń gbìyànjú, mo fojú mi rí i láti Mọ́níyà. Ìbéèrè tó yẹ kí n béèrè ni pé níbo ló ti dúró, kí ló sì mú un dúró síbẹ̀.

Mo pe àǹtí mi láàárọ̀ yìí lórí nọ́ńbà òdìkejì, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí Òótọ́ Korò ti ní "ṣé títì là ń jẹ," ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé òun kò bẹ̀bẹ̀ títì, kí wọ́n sáà gbé òkúta méjì sínú odò náà kí òun lè máa rìn kọjá láìbọ́ bàtà. Ó ní ẹ̀rọ ìlọ-èlùbọ́ òun ti bàjẹ́, ẹni tó máa tún un ṣe wà ní Ṣakí, kò fẹ́ wá.

Òótọ́_Korò

Ẹ bá mi kí àǹtí. Ẹ ní mo gbà.

Ìbéèrè kékeré: irú ẹ̀rọ wo ni, ti dísù àbí ti bẹntiróòlù? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ṣakí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Alágídí ni, ó lè lọ.

ỌmọṢakí_Agége

Ti dísù ni, aláwọ̀ ewé, ó ti gbó. Àǹtí ní ó ń tu èéfín dúdú kó tó kú.

Òótọ́_Korò

Nọ́sù ẹ̀rọ ni, tàbí páńpù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní òun á lọ ní Sátidé tí òjò ò bá rọ̀ ní Friday. Odò yẹn ń kọ́, ibo ló ń dé?

ỌmọṢakí_Agége

Orúnkún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kó má gbé ọ̀kadà wọ̀ ọ́. Kápẹ́ńtà kan wà ní ìhà ibí, ilé onípáànù, kó gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, kó fún wọn ní nǹkan díẹ̀. Àǹtí á rán ọmọ wá pàdé rẹ̀ ní ìhà kejì láti bá a ru àpótí irinṣẹ́.

Ìyá_Kẹ́mi_Bódìjà

Tó bá ti tún ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àǹtí. Ti òdìkejì ni kẹ́ ẹ fún mi.